Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Pálọ̀

Á kọ́kọ́ dún bí ẹni ń fun fèrè tí kò mọ orin, á wá ké gooro bí adìyẹ tí ilẹ̀kùn há mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa hó ṣàà, ṣàà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé kejì. Láràárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ tó ń lọ oko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àdá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ohùn yẹn ni í kọ́kọ́ sọ nínú ilé ìwòsàn kan nílùú náà. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé nǹkan ń kú lọ nínú yàrá ẹ̀yìn. Láníyì kì í mí títí híhó náà yóò fi dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé Ìbàdàn nìyẹn, á wá lọ wá ẹ̀kọ mu.

Módẹ́mù ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bẹ́ẹ̀. Wọ́n so wáyà fóònù mọ́ ọn lápá kan, wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn lápá kejì. Òun ló ń tẹ fóònù, tó sì ń kó lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kọjá sí Ìbàdàn, láti ibẹ̀ títí dé òkè òkun. Ọdún 1999 là ń wí yìí, nígbà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fẹ́ fi fóònù bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀ láti Ọ̀wọ̀, á pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ, wáyà á sì já kó tó dé orí ohun tó fẹ́ sọ. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ kì í pariwo. Bí ìlà bá já, á tún un tẹ̀. Bó bá tún já, á tún un tẹ̀.

Ilé ìwòsàn ọ̀hún kò tóbi. Àwọn ìdílé Kátólíìkì àti Áńgílíkà mélòó kan ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, ìgbìmọ̀ kan ló sì ń darí rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di olórúkọ láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ títí dé Ute àti Òkelúsè ni pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí abẹ́rẹ́ ejò. Ẹni tó bá dá oko kòkó níbẹ̀ mọ̀ pé òun àti paramọ́lẹ̀ ni wọ́n jọ dá a. Ewé kòkó gbígbẹ ni aṣọ ìbora ejò yẹn. Ọwọ́ tó ń ṣa kòkó nílẹ̀ kò ní rí i títí yóò fi bù ú jẹ. Abẹ́rẹ́ náà kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó jọ bí iṣu. Inú òtútù ló ń gbé, ọjọ́ agbára rẹ̀ a sì máa tán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé oògùn ńlá kan ní Ìbàdàn. Bí ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ wọn láàárọ̀, wọ́n á kó o sínú fúláàsì yìnyín, wọ́n á fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, oòrùn kò ní tíì wọ̀ tí yóò fi dé Ọ̀wọ̀. Bí ìbéèrè kò bá dé, abẹ́rẹ́ kò ní dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láníyì ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni, ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì kan kó tó padà wálé, ibẹ̀ ló ti mọ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé jọ kọ tí wọ́n sì ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé. Agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ọjọ́ ogbó ti ń bá a kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Láníyì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì kó ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ ń bèèrè sí i nínú: ohun tí yóò gba ọ̀rọ̀, ohun tí yóò tò ó, ohun tí yóò tẹ fóònù. Ó dúró níbẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ayò, kò sí orin. Kò tilẹ̀ so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e sórí pákó nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé oògùn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí, ó fi bátìrì ọkọ̀ ńlá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí wọ́n bá mú iná. Inú ilé oògùn gan-an ni Ìbílọlá, apòògùn, ti ń lo ojú ìkọ̀wé kékeré kan, dígí dúdú tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé nìkan máa ń hàn lára rẹ̀, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù. Wáyà kan ló so ó mọ́ àpótí tó wà lẹ́yìn. Á tẹ ohun tó fẹ́ bèèrè nírọ̀lẹ́, àpótí á gbà á, á dì í mú, ìdájí á sì rán an.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún kò sẹ́ni tó rántí pé àpótí wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ a máa fi garawa kọ́ ìgun rẹ̀. Inú Láníyì dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wálé wá ṣọdún Igógo, àwọn yóò sì fẹ́ rí ohun tí wọ́n fi ẹ̀bùn àwọn ṣe. Ìgbìmọ̀ ní kò burú, wọn yóò ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí nígbà Igógo. Agogo nìkan ló ń dún. Ìlù kò gbọdọ̀ dún, ọkùnrin kò ní dé fìlà, obìnrin kò ní wé gèlè. Gbogbo orí á wà gbalasa nínú oòrùn, irun àwọn ìyá àgbà á máa dán bí fàdákà lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ kò fi lè pe eléré fún ìfilọ́lẹ̀. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí àlejò yóò máa wò. Ẹnì kan ní, kọ̀ǹpútà náà ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni Alàgbà Sylvanus, alága ìgbìmọ̀, ṣe wá sí yàrá ìgbálẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta lẹ́yìn. Ọ̀gá àgbà ni baba náà nínú iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì bọ́ kúrò nínú àṣà kí ó máa bẹ nǹkan wò.

"Níbo ló wà?"

"Òun lẹ ń wò yẹn, Bàbá."

Baba tẹrí ba, ó wo abẹ́ pákó, ó tún wo òkè. "Àpótí bàtà yìí? Ojú rẹ̀ dà?"

Láníyì ní kò ní ojú, iṣẹ́ rẹ̀ kò gba ojú. Ó mú wọn lọ sílé oògùn kí wọ́n lè rí ibi tí Ìbílọlá ti ń kọ̀wé. Lẹ́tà àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà lójú dúdú náà, ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ bèèrè bóyá nǹkan ń ṣe é tó fi ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ìbílọlá ní ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ni, kí wọ́n sọ ọ̀kan fún un.

"Láníyì," ni Alàgbà Sylvanus wí, "èèyàn á ti Amẹ́ríkà wá, a ò lè lùlù fún un, a ò lè pe eléré, o wá fẹ́ ká mú un síwájú ojú dúdú yìí ká ní kó pàtẹ́wọ́?"

"Bàbá, gbogbo Ọ̀wọ̀ ni kò dé fìlà lọ́sẹ̀ yìí. Ìlú ò tìtorí ẹ̀ tú. Iṣẹ́ tí orí ń ṣe, abẹ́ fìlà kọ́ ló ti ń ṣe é."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ṣùgbọ́n orí baba pá, oòrùn sì ń tàn sí i láti ojú fèrèsé. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ wo orí baba, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Alàgbà Sylvanus fi ọwọ́ nu orí, kò sì tún bá Láníyì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nílé ayé, ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín àgbà, òtítọ́ kì í rí ìjókòó níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ àbúrò baba ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti Èkó. Boniface lorúkọ rẹ̀, ó ń ta kọ̀ǹpútà, ó sì ń tún un ṣe. Èèyàn burúkú kọ́. Ó mú sídíì Linux kan tó tuntun dání, ó sì wá bá Láníyì lórí ìjókòó níta, ó dọ̀bálẹ̀ kí i kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ètò kan náà ni òun fẹ́ lò, àwòrán ni òun kàn máa fi kún un, kí èèyàn lè fi máúsì tọ́ka sí ohun tó bá fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bí ọ̀kadà bá gbé yín ṣubú lọ́la, ta ni yóò bá àpótí yẹn sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tí mo kọ́. Ìbílọlá mọ̀ ọ́n."

"Ìbílọlá nìkan. Àwòrán ńkọ́? Ìyá mi tí kò kàwé á tẹ̀ ẹ́."

Láníyì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó ní àwòrán dára lórí tábìlì tí èèyàn ń jókòó tì. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́, kí wọ́n ra ọ̀kan síbẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo àwòrán ayé sí i. Ti yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Ẹni tí a rán níṣẹ́ kíákíá, tí a tún ní kó lọ wé láwàní ná, tí a ní kó kun àtíkè, ìgbà wo ló fẹ́ dé ibi tí a rán an?"

Boniface ní ọ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà tó wà, òun kò sì lè lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá òun pé òun kò lè ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Lọ́jọ́ kejì ìgbìmọ̀ ní kí Láníyì lọ sí Òkelúsè. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ní kọ̀ǹpútà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó lọ wo yàrá rẹ̀, iná rẹ̀, ọ̀nà fóònù rẹ̀. Òkelúsè kò jìnnà lórí ìwé. Nínú òjò oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà a máa jìnnà. Afárá kan ti rì. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Ó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n lé òun kúrò nítòsí, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò ni pé wọ́n á fi mọ́nítọ̀ kan tan àlejò jẹ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ.

Ọjọ́ tó padà dé, ọ̀sán ti pọ́n. Bó ti ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ọ̀kadà kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, obìnrin kan há sáàárín awakọ̀ àti ọkùnrin tó dì í mú. Ó mọ obìnrin náà. Àbẹ̀ẹ́bí ni, ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Òun àti ìyá Láníyì ni wọ́n jọ ń hun aṣọ láti ìgbà tí Láníyì ti ń rá kòrò. Ilé Àbẹ̀ẹ́bí ló ti kọ́kọ́ rí òfì, ó máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ máa já òwú rẹ̀ jẹ, tí obìnrin yìí á sì fi igi ìhunṣọ gbá a lórí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú tó itan ọmọdé. Kòkó ló ń ṣa.

Wọ́n tètè gbé e dé. Gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá, pé wọ́n tètè gbé e dé. Ìbílọlá sáré mú abẹ́rẹ́ tó wà nínú fíríìjì wá, ó sì jẹ́ ẹyọ kan. Dókítà ní ti ọwọ́ tó wú báyìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ìbílọlá fi ọkàn balẹ̀, ó ní ìyókù ti ń bọ̀ lọ́nà, òun ti bèèrè rẹ̀ láti ìjẹta, ó yẹ kó ti dé gan-an, awakọ̀ ló pẹ́.

"Ṣé àpótí dá ọ lóhùn pé ó gbà á?" ni Láníyì bi í.

"Ó dá mi lóhùn. Mo kà á. Ó ní òun ti gbà á."

Láníyì gba ẹ̀yìn lọ sí yàrá ìgbálẹ̀. Orí pákó ṣófo. Àyè ibi tí àpótí ti jókòó fún ọdún mélòó kan mọ́ funfun láàárín eruku, bátìrì nìkan ló kù níbẹ̀, kò so mọ́ ohun kan.

Pálọ̀ àlejò ló ti rí i. Ibi tí wọ́n ń gbé àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn òṣèlú jókòó sí ni, àga onífóòmù yí i ká. Wọ́n ti gbé tábìlì tó dára jù nínú ilé ìwòsàn sí àárín rẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ńlá tí Boniface gbé wá. Wọ́n fa wáyà gígùn kan láti ojú fèrèsé, ó lọ sí ilé oògùn. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi òwú funfun hun bo mọ́nítọ̀, wọ́n fi òmíràn bo àpótí, wọ́n sì gbé ìkòkò òdòdó oníke lé e lórí. Màmá Veronica tó ń tọ́jú pálọ̀ ló hun àwọn aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ó ń nu tábìlì lọ́wọ́. Wáyà iná kọ̀ǹpútà wà nílẹ̀, ó ká a jọ dáadáa bí ẹni ká okùn kànga.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Màmá Veronica wí. "O rí i bó ṣe dára tó? Mo ti yọ wáyà rẹ̀ o. Wo bí òjò ṣe ṣú."

"Ẹ ti ń yọ ọ́ látìgbà wo, Màmá?"

"Lójoojúmọ́ ni. Bí wọ́n bá mú iná, mo yọ ọ́. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, mo yọ ọ́. Bí mo bá sì ń relé nírọ̀lẹ́, màá yọ ọ́ pátápátá. Ṣé kí n máa wò ó kí àrá gbé irú nǹkan báyìí mọ́ mi lọ́wọ́?" Ohùn rẹ̀ kún fún ìgbéraga ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Láníyì kò lè bínú sí i, ibẹ̀ gan-an ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Kò sí ilé kan ní Ọ̀wọ̀ tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kí ìyá ilé tó kó aṣọ wọlé, á ti ké sí ọmọ pé kó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó bá lójú tí àwòrán ń hàn nínú rẹ̀, yíyọ là ń yọ ọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yìí kan náà ti ń gba iwájú yàrá ìgbálẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí, òjò ṣú, òjò dá, kò fọwọ́ kan àpótí rí, gẹ́gẹ́ bí kò ti fọwọ́ kan fíríìjì oògùn rí. Ìgbà tí wọ́n fún un lójú ni wọ́n pa á.

Ó so iná padà. Kọ̀ǹpútà kùn, ó ń ha bí eku nínú àjà. Ó ṣí díẹ̀díẹ̀, àwòrán òkè àti omi kan yọ jáde ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ayò káàdì tí ẹnì kan ta lẹ́nu àìpẹ́ ṣì wà lójú rẹ̀. Ibi tí kò kún tẹ́lẹ̀ ti kún dé ẹnu. Ìbílọlá tó ti wọlé tọ̀ ọ́ wá wí fún un pé nígbà tí Boniface ń ṣe é, kọ̀ǹpútà béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀, Boniface sì dá a lóhùn pé gbogbo rẹ̀ ni. Àlejò pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó ní. Òun náà pàtẹ́wọ́, ó dùn ún wò.

Ọ̀rọ̀ Ìbílọlá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àpótí ti gbà á bó ṣe wí. Ìdájí ni ó yẹ kó rán an, ìdájí sì bá a láìní iná. Nígbà tí wọ́n sì já wáyà kúrò lára rẹ̀ lójijì léraléra, ibi tí ọ̀rọ̀ tó ń dúró wà ti dàrú, ọ̀rọ̀ náà ti wó sí wẹ́wẹ́, ó wà níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkúfọ́ sí, kò lórí, kò nídìí. Láníyì rí ìdajì ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ej. Ó jókòó, ó ń wò ó.

Wọ́n tún ìbéèrè kọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà fóònù kì í là lọ́sàn-án. Ó ti sún mọ́ ìrọ̀lẹ́ kó tó kọjá, ilé oògùn Ìbàdàn sì ti palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì ni fúláàsì dé, yìnyín inú rẹ̀ kò tíì yọ́.

Àbẹ̀ẹ́bí yè. Àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e kò yè. Nígbà tí Láníyì lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sókè díẹ̀, ó fi ohùn ilé sọ fún un pé, "Ọghọ́ ọ̀tún ni, Láníyì." Lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jíròrò lórí páànù tó ń jò, wọ́n jíròrò lórí ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n wá kan kọ̀ǹpútà. Alàgbà Sylvanus ní kọ̀ǹpútà ti ń falẹ̀, àwòrán rẹ̀ a máa dúró sójú kan, ó sì dájú pé àrá ló bà á jẹ́.

"Kí ló jí, Bàbá?" ni Láníyì bèèrè.

"Ta ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni. Àrá kì í ṣàdédé pa nǹkan nílẹ̀ wa. Mo ní kí ló jí?"

Boniface, tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé, ń wo bàtà ara rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Baba kò tilẹ̀ yíjú sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń retí ọ̀rọ̀, kí Láníyì kọ̀wé sí wọn pé àrá sán, kí wọ́n bá wa wá èyí tó lágbára ju èyí lọ, tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí ó lè gbé gbogbo àwòrán láìfalẹ̀. Yóò wà ní pálọ̀ bákan náà. Ó ti bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ, inú wọn dùn sí i.

Láníyì dúró kí ẹnì kan dárúkọ Àbẹ̀ẹ́bí. Wọ́n tún padà sórí páànù tó ń jò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ní èyí tó bá lágbára jù yóò gba àwòrán tó pọ̀ jù, wọn yóò sì yọ òun náà nígbà tí òjò bá ṣú. Ó ní ìka mẹ́ta ti lọ, kí wọ́n sọ fún òun iye ìka tí wọ́n tún fẹ́ fi san owó àwòrán. Wọ́n ní kó má gbé ohùn sókè sí àwọn àgbà. Ó ní òun kò tíì gbé e sókè.

"Ìwọ lo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ," ni Alàgbà Sylvanus wí. "Fi ohun tí mo sọ ránṣẹ́, tàbí kó o fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ó jáde. Òun àti Ìbílọlá ló gbé àpótí náà padà sí yàrá ìgbálẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró. Mọ́nítọ̀ ńlá, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Láníyì pa gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ́, ó tún un ṣe láti ìpìlẹ̀: ohun tí yóò gba ọ̀rọ̀, ohun tí yóò tò ó, ohun tí yóò tẹ fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí ó mú Ìbílọlá jókòó tì í, ó jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀, ó sì rí i pé ó yé e ju bí òun ṣe rò lọ.

Wọ́n ń parí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Veronica yọjú. Ó di àwọn aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní ṣé kò yẹ kí ó bá wọn bo àpótí náà nítorí eruku. Láníyì ní ooru á pa á. Obìnrin náà kò lọ.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo yọ ọ́," ló wí. "Ṣé èmi ni mo gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Láníyì?"

"Rárá, Màmá. Ẹni tó gbé e síwájú yín ni."

Ó mi orí. Kò dà bíi pé ó gbà á gbọ́. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Láníyì jókòó sídìí ojú ìkọ̀wé nínú ilé oògùn. Ìbílọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́nà pẹ̀lẹ́, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ lọ́nà èébú, ó tún pa á rẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ nìyí:

Sí ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun,

Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àrá ló ba kọ̀ǹpútà tí ẹ fún wa jẹ́. Àrá kankan kò sán lù ú. A gbé e kúrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, a kó àwòrán àti ayò sí i nínú kí ó lè dùn yín wò, a gbé e sí pálọ̀, a sì ń yọ wáyà rẹ̀ lójoojúmọ́ bí a ṣe ń yọ ti tẹlifíṣọ̀n nílé. Ìbéèrè fún abẹ́rẹ́ ejò wà nínú rẹ̀ nígbà tí a yọ ọ́. Àbẹ̀ẹ́bí, ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, dé ọ̀dọ̀ wa ní àkókò, abẹ́rẹ́ tó bá kò tó. Ó ti pàdánù ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ahunṣọ ni.

Wọ́n ní kí n tọrọ kọ̀ǹpútà tó tóbi ju èyí lọ lọ́wọ́ yín. Mi ò tọrọ rẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ fún wa tó fún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, òun náà ló sì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá tún wálé, ẹ má ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fíríìjì, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ kí Àbẹ̀ẹ́bí nílé rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ẹ wà nílé, ẹnikẹ́ni kò mú yín débẹ̀.

Wọ́n ní bí mi ò bá kọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ fún Ìbílọlá, apòògùn. Ó mọ iṣẹ́ náà. Òun ni kí ẹ máa kọ̀wé sí láti òní lọ.

Láníyì